Alùpùpù Tó Yadi ní Àgọ́ Ọlọ́pàá

Alùpùpù náà kọ̀, kò dún.

Kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú o. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ geere, èéfín ń jáde nídìí rẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ inú àgbàlá àgọ́ ọlọ́pàá sì ń gbọ̀n lábẹ́ táyà. Ariwo tí wọ́n torí rẹ̀ mú Káfíńtà gan-an ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Kọ̀-kọ̀-kọ̀ tí obìnrin oníbúrẹ́dì gbọ́ láàárọ̀, tó fi ju ìyẹ̀fun sílẹ̀ tó ń ké pé "Olè! Òun nìyẹn!", ti pòórá bí ìgbà tí èèyàn fi àkísà nu omi kúrò lórí tábìlì.

Káfíńtà fara ti ògiri, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń wò. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ẹlòmíràn, á máa sọ̀rọ̀; tirẹ̀ ni kó máa wò. Ó wo kọ́ńsítébù tó gun alùpùpù náà wá láti iwájú ilé búrẹ́dì, tó fi la ìlú já. Ó wo ojú ọ̀gá àgbà, ojú náà ti ń le. Ó wo géètì. Nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́jọ́ lọ sẹ́wọ̀n yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ yẹn, ìgbà tó bá wu Ọlọ́run ló ń jáde.

"Ó ti tún un ṣe," ọ̀gá àgbà wí.

"Ọ̀gá, láti ìgbà tá a ti mú un, kò fọwọ́ kàn án mọ́," kọ́ńsítébù dáhùn. "Èmi ni mo gùn ún. Nígbà tí mo tẹ kíkì níwájú ilé búrẹ́dì, ó ń dún o! Mo kàn kọjá afárá tán ni, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo ní bóyá atẹ́gùn ló dí mi létí."

"Atẹ́gùn! Ṣé atẹ́gùn ni n ó kó lọ síwájú adájọ́?"

Wọ́n ti pe mẹkáníìkì tó wà lódìkejì títì. Ó ti tẹ́tí, ó ti fi súkúrú-dẹ́rẹ́fà kan ara ẹ́ńjìnnì, ó fi ìdí rẹ̀ kan etí ara rẹ̀ bíi dókítà. Ó ní tápẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni. Ó ṣí i, tápẹ́ẹ̀tì dáa. Ó ní ṣéènì inú ni. Ṣéènì náà le dáadáa. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ ò lè gbé aláìsàn tí kò ráhùn wá fún mi kí ẹ ní kí n sọ àìsàn rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ n jókòó ná."

Obìnrin kan ló sọ bẹ́ẹ̀, tó ń bọ̀ láti inú ilé, tó fọwọ́ di orúnkún kan mú. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Ó ti dàgbà níbi iṣẹ́ náà débi pé aṣọ rẹ̀ pàápàá ti rẹ̀ ẹ́. Nítorí pé kò sí ibi tí yóò dé tí kò ní sọ gbólóhùn yẹn, gbogbo àgọ́ ló ń pè é ní Jẹ́-N-Jókòó. Wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé àwọn olè ti mọ̀ ọ́n: bó bá ti lè jókòó tì ọ́, yáa jẹ́wọ́, nítorí kò ní dìde.

Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún un. Ó wo alùpùpù náà pẹ́.

"Ẹ pa á," ó wí. "Ẹ gbé e sábẹ́ òjìji. Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé."

"Kí la ń dúró dè?" ọ̀gá àgbà bi í.

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ké láàárọ̀ tó dákẹ́ lọ́sàn-án, kò kú. Ó sùn ni." Ó yíjú. "Ẹ̀yin, Káfíńtà. Ẹ súnmọ́ mi."

Ó ní "ẹ̀yin". Láti àárọ̀, "ìwọ olè" ni wọ́n ti ń pè é. Káfíńtà súnmọ́ ọn.

"Ọwọ́ ta lẹ ti ra máṣíìnì yìí?"

"Ọwọ́ àbúrò ìyàwó mi, mà. Òun ni apoògùn nílé ìpoògùn tí wọ́n fọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?"

"Sátidé. Oòrùn ti yọ dáadáa. Mo lọ gbé e nílé rẹ̀."

"Òun ní Fúráìdé lẹ gbé e, nírọ̀lẹ́."

"Irọ́..." Ó kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. "Mi ò ní ó purọ́ o, mà. Bóyá ó gbàgbé."

"Ìwé tẹ́ ẹ kọ ńkọ́?"

"Ìwé kẹ̀, mà? Láàárín àna sí àna? Bí mo bá ní kó kọ ìwé fún mi, ìyàwó mi á ní mo fojú olè wo ọmọ ìyá òun."

"Ìyàwó yín wà nílé lọ́jọ́ náà?"

"Kò sí. Ó lọ tọ́jú ọmọ wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé."

Jẹ́-N-Jókòó mí kanlẹ̀.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Ní ìdájí Sátidé, ẹnì kan kó páálí oògùn sórí alùpùpù, ó gbá ọlọ́dẹ tó fẹ́ dí i lọ́nà, ó sá lọ. Títí di òní, ọlọ́dẹ ò tíì lajú. Ariwo alùpùpù yẹn la ní lọ́wọ́, kò sí nǹkan mìíràn. Tó bá jẹ́ máṣíìnì yìí ni, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà ló ṣiṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin ni, tàbí àbúrò ìyàwó yín. Kò sí ẹnì kẹta."

Kí ni Káfíńtà fẹ́ wí? Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ kú, ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ náà ni ọmọkùnrin yẹn gbé dàgbà. Títí di òní olónìí, bí wọ́n bá bu oúnjẹ, obìnrin náà á kọ́kọ́ bèèrè bóyá àbúrò òun ti jẹun. Ọkùnrin wo ni yóò yọ ara rẹ̀ nínú iná kó ti ọmọ yẹn sínú rẹ̀, tí yóò tún délé sọ pé "Mo dé o"?

*

Ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé àwọn méjèèjì pẹ̀lú kọ́ńsítébù dé àdúgbò ilé búrẹ́dì. Títì tóóró ni. Ní apá kan, ilé búrẹ́dì pẹ̀lú ààrò rẹ̀ tí èéfín ti sọ ògiri rẹ̀ di dúdú. Ní òdìkejì gan-an, ilé ìpoògùn: ògiri gíga, géètì irin kan ṣoṣo. Káfíńtà yọjú láti inú ọkọ̀, ó gba ojú géètì tó ṣí rí ibùso onípáànù kan nínú àgbàlá níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé alùpùpù wọn sí.

Obìnrin oníbúrẹ́dì rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọwọ́ ìyẹ̀fun di ìbàdí.

"Ẹ tún gbé e padà wá? Ṣé kí n gé búrẹ́dì fún un ni, tàbí kí n po tíì?"

"Ẹ jẹ́ n jókòó ná, ìyá," Jẹ́-N-Jókòó wí, ó sì jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun. "Ìdájí ọjọ́ yẹn, ibo lẹ wà?"

"Ibi tẹ́ ẹ bá mi yìí. Ààrò kì í jẹ́ kéèyàn sùn. Láti alẹ́ ni mo ti wà lẹ́nu rẹ̀."

"Kí lẹ gbọ́?"

"Ẹnì kan tẹ kíkì, kò jí. Ó tún un tẹ̀, ló bá jí. Kọ̀-kọ̀-kọ̀! Bí ìyàwó àfẹ́kẹ́yìn tó ń kan ilẹ̀kùn ìyáálé. Mo ní irú ariwo wo tún nìyí? Ni mo bá gbọ́ tí ọlọ́dẹ ké ní géètì, nǹkan gbá gbàù! Mo sáré jáde. Mi ò rójú ẹni náà, òkùnkùn ṣì wà. Ṣùgbọ́n kọ̀-kọ̀-kọ̀ yẹn ń bá a lọ títí ó fi yà ní kọ́nà. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀ láé. Òun náà ni mo gbọ́ láàárọ̀ yìí, nígbà tí káfíńtà yìí tún ilẹ̀kùn ìyá tó múlé tì mí ṣe tán, tó fẹ́ máa lọ."

"Ó ti pẹ́ tó gbé máṣíìnì náà síbẹ̀?"

"Láti òwúrọ̀. Mo rí i tó ń rẹ́ igi."

"Ó dáa. Ìdájí tá à ń wí, ẹ gbọ́ nígbà tó lọ. Nígbà tó dé ńkọ́?"

"Tó dé bí i ti báwo?"

"Ẹni tó bá lọ, ó ti dé rí. Ẹ̀yin tẹ́ ò sùn, tí etí yín mú tó báyìí, ẹ ò gbọ́ nígbà tó ń gun alùpùpù bọ̀?"

Obìnrin oníbúrẹ́dì yíjú. Ó wo ojú títì bí ẹni pé ìdáhùn wà níbẹ̀.

"Ẹ wò ó," ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀, "alùpùpù kankan ò gba ibí lóru yẹn. Kò sí èyí tó dún, kò sí èyí tí kò dún. Mi ò gbọ́ ìkankan."

"Ibùso inú àgbàlá yẹn, ta ló ń gbé máṣíìnì síbẹ̀?"

"Òṣìṣẹ́ nìkan. Ọlọ́dẹ yẹn, kí Ọlọ́run gbé e dìde, ó le bí ojú ẹja! Àlejò ò gbọdọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Bó bá ti di àṣálẹ́, á yẹ gbogbo ibẹ̀ wò kó tó ti géètì."

"Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi tirẹ̀ sílẹ̀ kó sùn síbẹ̀?"

"Ìyẹn ò jọ ọ́ lójú. Bójò bá rọ̀, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tójú ń rí lójoojúmọ́, ojú kì í rí i mọ́."

Jẹ́-N-Jókòó mi orí. Ó na ọwọ́ sí kọ́ńsítébù pé kó fa òun dìde. Káfíńtà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀ nílé ìpoògùn yẹn.

*

Nígbà tí wọ́n padà dé àgọ́, oòrùn ti ń wọ̀. Jẹ́-N-Jókòó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì.

"Ó ti tutù bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kọ́ńsítébù, tẹ̀ ẹ́."

Kọ́ńsítébù tẹ kíkì. Ó tún un tẹ̀.

Kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀-kọ̀!

Ọ̀gá àgbà sáré jáde láti ọ́fíìsì. Mẹkáníìkì tún sáré sọdá títì. Wọ́n dúró yí i ká. Ariwo náà ń kan, ó ń kan, ó wá ń rọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ọwọ́ ń ro níbi tó ti ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tó ṣe, kíkàn náà dákẹ́, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ.

Mẹkáníìkì lu ara rẹ̀ lórí. "Písítìnì ni! Olórí burúkú ni mí! Gbígbóná lẹ gbé e wá bá mi lọ́sàn-án!"

"Sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọdé," Jẹ́-N-Jókòó wí.

"Písítìnì ló ń lọ sókè sódò nínú ihò rẹ̀. Èyí ti jẹ. Ihò ti gbà á láyè jù. Bí ó bá tutù, á máa gbá ara ihò, òun ló ń kàn yẹn. Bí ó bá gbóná, irin á wú, á kún ihò rẹ̀, kò ní ráyè gbá nǹkan kan mọ́."

"Bíi dúrọ́ọ̀," Káfíńtà sọ láìmọ̀. Gbogbo wọn wò ó, ó tijú. "Ẹ má bínú. Bíi dúrọ́ọ̀ tábìlì ni. Lọ́gbẹlẹ̀, á máa mì. Bójò bá dé, igi á wú, á há."

"Ẹ ṣeun, Káfíńtà." Jẹ́-N-Jókòó yíjú sí ọ̀gá rẹ̀. "Bí olè bá gùn ún wá láti ọ̀nà jíjìn kó tó jalè, gbígbóná ló máa wà, kò ní kan ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó kàn. Tútù ni. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́ nígbà tó dé. Inú ibùso ilé ìpoògùn ni máṣíìnì yẹn sùn mọ́jú."

Ọ̀gá àgbà fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ìyẹn dáa létí. Ṣùgbọ́n apoògùn ní kò dún rí lọ́wọ́ òun. Yóò ní àna òun ló ṣe é, pé ọlọ́dẹ jẹ́ kó gbé e síbẹ̀ nítorí òun. Ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n ń bọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́."

Káfíńtà fi àtẹ́lẹsẹ̀ òsì ra ojúgun ọ̀tún. Àárẹ̀ ló mú kó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé obìnrin náà ń wo òun.

"Kí ló ṣe yín lẹ́sẹ̀?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè."

Ó ká a. Àpá iná wà níbẹ̀, ó gùn, ó dán, awọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bò ó.

"Sàlẹ́ńsà, irin tí èéfín ń gbà jáde," mẹkáníìkì wí.

"Ìgbà wo?" Jẹ́-N-Jókòó bèèrè. Káfíńtà wolẹ̀. Obìnrin náà sọ ohùn rẹ̀ di jẹ́jẹ́. "Bàbá, ẹ̀ ń gbé ẹnì kan pọ̀n, ẹni náà ń fi ẹsẹ̀ gbá yín níhà. Ẹ wo géètì. Bó bá di pé ọkọ̀ yẹn dé, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ mi."

Káfíńtà wo géètì.

"Ọjọ́ tí mo lọ gbé e ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n lè wo táyà. Ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ ẹ́ lójú mi. Sàlẹ́ńsà ló jó mi. Ọmọ náà ní òun ò fọwọ́ kàn án láti àná, pé oòrùn ló mú un gbóná." Ó yí ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀. "Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, mà. Oòrùn ò débẹ̀."

"Ẹ ò bi í?"

"Àbúrò ìyàwó mi ni."

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dùn. "Iṣẹ́ àwọn tó ń ta àlòkù nìyẹn. Bí máṣíìnì bá ń kan, wọ́n á ti mú un gbóná de oníbàárà. Tó bá dé, á bá a tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun."

"Ẹni tó bá mú un gbóná," Jẹ́-N-Jókòó wí, "ó mọ̀ pé ó ń kan nígbà tó bá tutù. Ẹ lọ pe apoògùn wá. Kọ́ńsítébù, má pa ẹ́ńjìnnì. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́."

*

Apoògùn wọlé pẹ̀lú ìtìjú àti ìwà pẹ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Káfíńtà lórí òkúta wẹ́wẹ́ náà.

"Bùọ̀dá mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé ẹ kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Èṣù ni."

"Jókòó," Jẹ́-N-Jókòó wí. "Nígbà tí máṣíìnì yìí wà lọ́wọ́ rẹ, ǹjẹ́ ó dún rí?"

"Rárá, mà. Bí ọmọ ọwọ́ tó ń sùn ló rí. Bùọ̀dá mi ni kì í yí ọ́ìlì. Ariwo wo gan-an ni wọ́n ní ó ń pa?"

"Ìyẹn ló kó wa sí wàhálà. Gbọ́ fúnra rẹ."

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹ́ńjìnnì náà ń ṣiṣẹ́ geere, kò kan, kò ráhùn.

"Kọ́ńsítébù gùn ún la ìlú já, kò dún," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí oorun ń kùn. "Òun nìyẹn tó ń ṣiṣẹ́, kò dún. Kì í ṣe òun ni máṣíìnì ìdájí yẹn. A ti ṣẹ Bàbá yìí. Lọ́la, a ó bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀: a ó tú ilé òṣìṣẹ́ ilé ìpoògùn kọ̀ọ̀kan wò. Kọ́ńsítébù, ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Bàbá."

Kọ́ńsítébù yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ má tíì tú u sílẹ̀ o!" Apoògùn ti dìde. "Ó ti gbóná ni! Ẹ pa á kó tutù tán ná, ẹ ó sì gbọ́ ọ..."

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Káfíńtà wò ó. "Ẹ má tíì tú u sílẹ̀." Ọmọ tí wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀ dè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó ìbínú. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fi gbogbo ọjọ́ fá pákó kan tán kó tó rí i pé inú rẹ̀ ti jẹrà.

"Ta ló sọ fún ọ pé bó bá gbóná á dákẹ́?" Jẹ́-N-Jókòó bi í, kò gbé ohùn sókè. "Ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lo ní ó jẹ́."

"Bùọ̀dá... Bùọ̀dá mi ló sọ fún mi. Wọ́n ti ráhùn rẹ̀ fún mi." Ó yíjú sí Káfíńtà. Ojú náà ń bẹ̀bẹ̀, ojú ọmọ kékeré tó fọ́ àwo. "Àbí, Bùọ̀dá? Ẹ rántí pé ẹ sọ fún mi? Ẹ wo ti ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo ojú dé ọ̀dọ̀ Káfíńtà. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ náà yóò dàrú. Bẹ́ẹ̀ ni kan ṣoṣo, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n yóò ní èrò, èrò náà kò sì ní jẹ́ ọmọ ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó rò nípa ìyàwó rẹ̀. Ó wá rò nípa ọlọ́dẹ, tí ìyàwó tirẹ̀ jókòó ti bẹ́ẹ̀dì níbì kan, tó ń wo ojú tí kò là.

"Mi ò sọ fún un," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré débi pé ọ̀gá àgbà ní kó tún un wí. "Mi ò sọ fún un. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé máṣíìnì náà, kò tíì tẹ ilé mi. Mo rò pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún un."

Kọ́ńsítébù ṣí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbé e lọ jìnnà kó tó tún un lò.

"Ẹ ó fi máṣíìnì sílẹ̀ fún wa," Jẹ́-N-Jókòó sọ fún Káfíńtà. Kò dìde, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀. "Ẹ rọra máa lọ, Bàbá. Iṣẹ́ tèmi ti tán. Tiyín wà nílé."

*

Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé. Nítòsí afárá, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ń lọ sí apá ibi tó ti ń bọ̀. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì fún un bí ẹni ń yà fún òkú.

Ìyàwó rẹ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí i, ó ju ọwọ́ sókè, ó sáré wá dì mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí irin ti fi ojú sí.

"Bàbá ọmọ mi! Ọlọ́run ṣeun! Mo mọ̀ pé yóò gbà yín sílẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ni mo ti sáré lọ bá àbúrò mi, mo kúnlẹ̀ fún un, mo ní ibi yòówù kó gbà, kó má padà láìmú yín dání." Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú títì tí òkùnkùn ti ń bò. "Òun dà? Ẹ ò jọ bọ̀ ni?"

Káfíńtà wo ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ wá àpótí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, èyí tó kàn fún un lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra.

"Jẹ́ n jókòó ná," ó wí.